Ọmọ Tó Ṣẹ́ Kù ní Àgbàlá Láníyọnu

Ẹni àádọ́rin ọdún ni Láníyọnu nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí kò lè hun aṣọ mọ́. Àgbà mìíràn ì bá jókòó ti ọpọ́n ayò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ka òwú kò lè ṣàì kà, ìṣirò ló wá di ayò tirẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ló ń tò sábẹ́ igi ọdán: ó fi mẹ́ta kún ẹyọ kan, ó di mẹ́rin, ó fi márùn-ún kún un, ó di mẹ́sàn-án, ó fi méje kún un, ó di mẹ́rìndínlógún. Gbogbo ìgbà ni igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin òkúta tó tò ń dọ́gba, bàbá a sì máa dá rẹ́rìn-ín. Èmi ò bá a wí. Kí ni arúgbó ì bá tún fi ọ̀sán ṣe?

Nígbà tó yá, òkúta sú u. Ó fẹ́ rí ìdọ́gba náà lára ohun ẹlẹ́mìí. Àrìnpé, ìyàwó ọmọ rẹ̀, bí ọmọ mẹ́sàn-án, Láníyọnu fúnra rẹ̀ ló sì sọ gbogbo wọn lórúkọ. Ṣùgbọ́n ìyá wọn kì í dárúkọ iye. Bó bá fẹ́ bu oúnjẹ, orúkọ ló fi ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìyàwó, ṣé o mọ̀ pé àwọn ọmọ rẹ á dọ́gba ní ìlà mẹ́ta mẹ́ta?"

"Baba, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òkúta ṣe é. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí etí tí a ò rí gbọ́ iye wọn."

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, Àrìnpé lọ sódò. Bàbá to àwọn ọmọ sí àgbàlá. Mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta. Ọ̀kan ṣẹ́ kù. Ó tún wọn tò. Ọ̀kan ṣẹ́ kù. Ó wo ojú wọn, kò rí àjèjì kankan. Ó fẹ́ pè wọ́n lórúkọ, ṣùgbọ́n iye ti gba gbogbo orí rẹ̀, kò rántí orúkọ ẹnì kan. Atẹ́gùn ò fẹ́, adìyẹ ò ké. Ẹ̀rù bà á, àmọ́ ìṣirò tó kọ̀ tí kò dọ́gba ló dùn ún jù.

"Mẹ́sàn-án ló yẹ kí ẹ jẹ́," ó wí. "Ìwọ tó ṣẹ́ kù yìí, o kì í ṣe ará ibí. Máa lọ!"

Omi lé ròrò sójú ọmọ náà. Ọmọ tí a kọ́ kì í bá àgbà jiyàn. Ó rọra gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Bí Àrìnpé ṣe wọlé, bàbá kígbe: "Ìyàwó, ó pé! Ó dọ́gba!"

Àrìnpé sọ ìkòkò omi kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lórúkọ. Ẹni mẹ́jọ dáhùn. Ó pe Abídèmí. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọmọ kan dúró ní ìparí ìlà, ó ń rẹ́rìn-ín sí i, kò sì làágùn rárá nínú oòrùn tó ń jó gbogbo ara yẹn.

"Baba, iye yín pé," ni Àrìnpé wí. "Abídèmí mi dà?"

Láníyọnu sáré jáde, Àrìnpé tẹ̀ lé e. Ipa ẹsẹ̀ ọmọdé wà nínú eruku títí dé etí igbó, ibẹ̀ ló sì pin sí. Nígbà tí wọ́n padà sí àgbàlá, èyí tó ń rẹ́rìn-ín náà ti lọ. Wọ́n wá Abídèmí títí, wọn ò rí i mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí Àrìnpé fi sunkún lọ́jọ́ náà ni àwọn àgbà gbà lẹ́nu rẹ̀, òun ni wọ́n sì ń pa lówe títí dòní pé: a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.