Ìbéèrè Tí Ìjàpá Kò Lè Dáhùn ní Pápá Màlúù

"Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó ya pápá, ó tẹ koríko mọ́lẹ̀, ó lọ bá Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, lọ́jọ́ tí ìbéèrè kékeré kan fẹ́ sọ ọ́ di ẹran ọbẹ̀. Ẹ súnmọ́ mi dáadáa. Ìwọ tó ń tòògbé yẹn, jí.

Pápá kan wà láyé ọjọ́un tí Yúgùdà darandaran àti Ọdẹ́jìnmí ọdẹ jọ ń lò. Àwọn àgbà ìlú ti là á fún wọn: ẹran ilé jẹ́ ti darandaran, ẹran ìgbẹ́ jẹ́ ti ọdẹ. Ṣùgbọ́n bí màlúù bá wà ní pápá, ọdẹ kò gbọdọ̀ ta ọfà, kí ọfà má baà ṣèèṣì ba màlúù. Àgbọ̀nrín gbọ́ òfin yìí, inú rẹ̀ dùn. Bí màlúù bá ti dé, òun náà á dé, á bọ́ sí àárín wọn, á máa jẹko fàlàlà. Ọdẹ́jìnmí á jókòó sábẹ́ igi ẹ̀mí, igi tí èso rẹ̀ ń di òrí, á máa wò ó, á máa gbé itọ́ mì.

Ìjàpá rí gbogbo èyí. Ẹ̀yin ọmọ, mo fẹ́ràn Ìjàpá, n kò ní fi pamọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀. Ó sáré relé.

"Yánníbo, gbé omi kaná. Àgbọ̀nrín la ó jẹ lálẹ́ yìí."

"Ọfà wo lẹ fẹ́ fi pa á, ọkọ mi?"

"Ọgbọ́n ni n ó fi pa á. Dìde lórí awọ yẹn."

Orí awọ màlúù ni Yánníbo jókòó sí, tó ń ṣa ẹ̀wà. Ìjàpá fa awọ yọ lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀wà fọ́n ká. Ó da awọ bora, ó so okùn ní ojóbó, ó fi há abíyá, ó gba pápá lọ. Nígbà tó dé àárín màlúù, ó ké: "Múùù!"

Àgbọ̀nrín yíjú sí i. "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, ìyá Màlúù. Kí ló dé tí ẹsẹ̀ yín kúrú báyìí?"

"Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, ọmọ mi. Koríko tó dùn tó báyìí, ṣé orí ìdúró ló yẹ ká ti jẹ ẹ́?"

"N kò sì rí i kí ẹ bu ẹyọ kan sẹ́nu."

"Mò ń bá ọ̀gá mi gba ààwẹ̀ ni."

Àgbọ̀nrín gbà á gbọ́, ó tẹ orí ba, ó ń jẹun lọ. Ìjàpá rọra yọ okùn. Bí ó ti fẹ́ jù ú báyìí, ọwọ́ kan gbá awọ rẹ̀ mú látẹ̀yìn. Yúgùdà ni.

"Káì! Èwo ni màlúù mi yìí? Ẹsẹ̀ ti wọnú lọ, kò jẹko, ara ń gbọ̀n. Àìsàn yìí á ran àwọn yòókù!" Ó rí okùn. "Ẹ wò ó, ó tún mú okùn wá fúnra rẹ̀. Màlúù rere!"

Ó fi okùn náà kọ́ ọ lọ́rùn, ó ń fà á lọ sábẹ́ igi ẹ̀mí, ó ń fọwọ́ pa á lórí. Àánú rẹ̀ ṣe é gan-an.

"Bàbá Ọdẹ, ẹ yá mi lọ́bẹ. Ẹran ilé mi yìí kò ní rí ọ̀la. Ẹ jẹ́ ká pa á kó tó kú."

Ọdẹ́jìnmí fa ọ̀bẹ yọ. Ìjàpá rí bí ó ṣe ń dán, ó ju awọ nù.

"Ẹ má pa mí o! Èmi kì í ṣe ẹran ilé. Ẹran ìgbẹ́ ni mí, ẹran ìgbẹ́ pọ́ńbélé!"

Yúgùdà lanu, kò lè pa á dé. Ṣùgbọ́n ojú Ọdẹ́jìnmí ń dán.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ó ní ẹran ìgbẹ́ lòun. Tèmi nìyẹn. Ìjàpá sì dùn lọ́bẹ̀."

"Wàláhì, kò rí bẹ́ẹ̀, Bàbá Ọdẹ. Ó pẹ́ tó ti ń ké múù láàárín ẹran mi. Ẹran ilé ni."

"Ìgbẹ́!"

"Ilé!"

Ọ̀kan fa okùn, èkejì fa ẹsẹ̀. Ìjàpá fẹ́ sọ pé ọdẹ lòun. Ó rántí òfin pápá, pé ọdẹ kò gbọdọ̀ ṣọdẹ láàárín màlúù, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Àgbọ̀nrín bá súnmọ́ wọn.

"Ẹ má jà. Ẹ bi í léèrè fúnra rẹ̀."

Wọ́n fi í sílẹ̀. "Ìjàpá, ẹran ilé ni ọ́ ni, tàbí ẹran ìgbẹ́?"

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá a ronú. Bí ó bá ní ilé, ọ̀bẹ darandaran. Bí ó bá ní ìgbẹ́, ìkòkò ọdẹ. Ẹ̀rù bà á, ó sì bà mí fún un. Nígbà náà, orí Ìjàpá kì í wọlé, ìta ló máa ń wà lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí ó fa orí wọnú ìkarahun, ó fa ẹsẹ̀ wọlé tẹ̀lé e.

Wọ́n kan ìkarahun, kó kó kó. "Àgò o, ẹ̀yin ará ilé!" Kò sí ìdáhùn. Wọ́n dúró títí àwọn màlúù fi kọjú sílé. Yúgùdà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Òkúta ni, Bàbá Ọdẹ. Kò sẹ́ni tó ni òkúta."

Ọdẹ́jìnmí náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parọ́rọ́, Ìjàpá yọjú, ó rọra wọ́ relé. Omi ń hó lórí iná.

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi," ni Yánníbo wí. "Ẹran dà?"

Bí ó ti gbọ́ "ẹran", orí rẹ̀ tún wọlé.

Láti ìgbà náà, bí Ìjàpá bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀, á fa orí wọlé. Ó rò pé wọ́n tún fẹ́ bi í léèrè ni. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, ẹ má bi í ní nǹkan kan. Ẹ kí i, kí ẹ sì kọjá.

Ibi tí àlọ́ mi ká ẹsẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá purọ́ mọ́ ọn, kí ọbẹ̀ mi jóná lálẹ́ yìí; bí n kò bá purọ́, ẹ fún mi ní ẹ̀rín yín, kí n gbé e sùn.