Iná Kékeré Inú Yìnyín

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣọ́ ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ ló gbójú sí. Fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn rẹ̀, Adéwùsì, kí o tó pa dà lọ lé ìyàwó àbúrò rẹ jáde. Mo rí opó àbúrò rẹ yẹn tó jókòó lórí ẹrù rẹ̀ níwájú ilé rẹ láàárọ̀ yìí. Mo bi ọ́ léèrè ohun tó ṣe. O ní ọjọ́ tó dé gan-an ni ara ọmọ rẹ gbóná, o sì pa á lówe fún mi pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ. Ọmọ rẹ ò kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n òwe yẹn náà ni ọkùnrin tí mò ń wí yìí gbọ́kàn lé.

Ìsàlẹ̀ ayé, ní ìkángun gúúsù pátápátá, ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí yìnyín bo gbogbo ilẹ̀. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ri àwọn ẹ̀rọ tó ń rí ìmọ́lẹ̀ sínú yìnyín náà, jìnnà réré. Èérún kan tó kéré ju ohun tí ojú lè rí ni wọ́n ń wá, nutirínò ni wọ́n ń pè é. Ó ń gba inú ògiri kọjá, ó ń gba inú òkè kọjá, kò sì kí ẹnikẹ́ni, bí ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ọ̀kan nínú wọn máa kọlu yìnyín, iná kékeré á sì ṣẹ́jú níbẹ̀. Wọ́n ń wo ìsàlẹ̀ nítorí pé èyí tó bá ti abẹ́ wá ti la gbogbo ayé kọjá, nǹkan mìíràn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Lókè lọ́hùn-ún, ìràwọ̀ méjì tó ti kú a máa yí ara wọn ká títí wọn á fi kọlura. Bí wọ́n bá kọlura, òfuurufú fúnra rẹ̀ á mì, ìmìtìtì náà á sì dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn mìíràn ló ń ṣọ́ ìyẹn. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á ránṣẹ́ sí ọkùnrin wa pé kó wò ó bóyá iná kan ṣẹ́jú lásìkò kan náà, láti ìhà kan náà. Ẹnì kankan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ò tíì rí irú rẹ̀ rí, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ rí i, ayé á gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Wọ́n ní òfin kan. Kí ẹnikẹ́ni tó wo inú ẹ̀rọ, ó gbọ́dọ̀ sọ lójú gbogbo ẹgbẹ́ bí àkókò tí iná lè fi pẹ́ sí ìmìtìtì, tí òun ṣì máa gbà á, ṣe gùn tó, àti bí ìhà ọ̀run tí òun máa gbà ṣe fẹ̀ tó. Tó bá ti sọ ọ́, kò gbọdọ̀ yí i pa dà.

Lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ dé pé ìràwọ̀ ti kọlura. Ìwàǹwára ò jẹ́ kí ọkùnrin wa dúró, ó wò ó kó tó sọ ohunkóhun. Iná kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ sí ìmìtìtì, ó sì yà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkùnrin náà ní bí òun bá na àkókò díẹ̀, tí òun sì fẹ ìhà ọ̀run díẹ̀, á wọlé. Ó nà án, ó fẹ̀ ẹ́. Ó pe ìyá rẹ̀ nílé, ó pe àwọn oníròyìn, kò pẹ́ tí rédíò fi gbé e.

Obìnrin àgbà tó jẹ́ ọ̀gá wọn ránṣẹ́ pè é. Kò bá a jà. Ó kàn bi í pé kí ló sọ pé òun máa gbà kó tó wò ó.

Ọkùnrin náà ní, "Màmá, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Kí la tún ń wá?"

Ọ̀gá rẹ̀ ní, "Jẹ́ ká kọ́kọ́ bèèrè ọjọ́ tí àjẹ́ ò ké."

Ó ní kó mú ọjọ́ tí ìràwọ̀ kankan ò kọlura, kó ṣe bí ẹni pé wọ́n kọlura, kó na àkókò bó ṣe nà án, kó fẹ ọ̀run bó ṣe fẹ̀ ẹ́. Ó mú ọjọ́ kan tó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Iná kan wọlé síbẹ̀. Ó mú òmíràn, iná tún wà níbẹ̀. Ó kúkú mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tó yí ayé wa ká yìí náà ń bí irú èérún bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, láìsí ọwọ́ ìràwọ̀ kankan níbẹ̀. Ayọ̀ ni ò jẹ́ kó rántí. Ó tún pe ìyá rẹ̀ láti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, kò sì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Adéwùsì, ti ọkùnrin yẹn tiẹ̀ sàn. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló kó jẹ, ènìyàn ni ìwọ fẹ́ jù síta. Ìyàwó rẹ sọ fún mi pé kì í ṣe ọjọ́ tí obìnrin yẹn dé ni ara ọmọ náà gbóná. Obìnrin náà ti bá yín gbé fún ìgbà díẹ̀ kí ibà náà tó dé. Ìwọ lo na ọjọ́ títí ó fi bá ọ lára mu, ẹ̀rù rẹ sì bà mí.

Ọmọ yìí kan náà ní irú ibà yìí lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àbúrò rẹ ṣì wà láyé, tí obìnrin yẹn sì wà ní ilé ọkọ rẹ̀ ní Ìgbájọ. Èmi ni mo gbé e lọ sí ọsibítù. Ta ni o lé jáde lọ́jọ́ yẹn?

Òjò ti ṣú, ẹrù opó sì wà níta. Dìde, fi ọwọ́ ara rẹ gbé e wọlé.