Àwọ̀n Pupa Tí Wọ́n Dá Padà Fún Òkun

Apẹja kan wà ní abúlé etí òkun, tí ìmọ́tótó rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn aládùúgbò kì í fẹ́ jókòó tì í. Tí ìyá kan bá da pàǹtí sómi, yóò bá a wí. Tí ẹnìkan bá mu píọ́ wọ́tà tán, tó ju ọ̀rá rẹ̀ sómi, yóò dúró tì í títí olúwarẹ̀ á fi wọ omi lọ mú un. Ó ní òkun kì í ṣe ààtàn. Òótọ́ ni, kò purọ́.

Ohun mìíràn tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ ni òwú pupa. Òwú funfun tàbí òwú aláwọ̀ ewé ni àwọn yòókù fi ń hun àwọ̀n tiwọn. Òun nìkan ló ń ra pupa, nítorí olè. Ó ní ẹni tó bá jí àwọ̀n òun, gbogbo abúlé ni yóò bá òun mú un. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Bàbá Aláwọ̀n Pupa nìyẹn.

Ní abúlé yìí, wọn kì í sun àwọ̀n tó bá gbó, wọn kì í sì í jù ú sí ààtàn. Àwọn baba wọn ní àwọ̀n tó ti bọ́ ilé kò yẹ fún iná. Wọ́n á ká a dáadáa, wọ́n á gbé e lọ sójú omi, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á dá a padà fún òkun. Àṣà tó dára ni. Òwú oko ni àwọn baba fi ń hun àwọ̀n nígbà náà, kì í pẹ́ kó tó jẹrà. Nígbà tí òwú rọ́bà dé, wọ́n pààrọ̀ òwú. Kò sí ẹni tó rántí pààrọ̀ àṣà. Bàbá yìí kì í sì í fi àṣà ṣeré. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi ń kó àwọ̀n pupa fún òkun, tòun tọpẹ́.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin wá bímọ. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án nílé ọkọ, tí wọ́n ti ń fi ojú wò ó, kí ọmọ náà tó dé. Lọ́dọ̀ tiwọn, bàbá tó bí ìyá ọmọ ló ń pa ẹja ìsọmọlórúkọ. Òun ló ń là á, òun ló ń fọ̀ ọ́. Ìyá ọmọ á kọ́kọ́ mu omi ẹja náà, wọ́n á kán díẹ̀ sí ọmọ létè, bàbá àgbà á wá pe orúkọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí bàbá yìí ti tọ́jú orúkọ tirẹ̀ sínú: Òkunlọlá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, ó fa àwọ̀n, ó mú ẹja mẹ́ta tó sanra. Ó la èkíní. Ohun kan wà nínú ikùn rẹ̀ tó dà bíi gààrí, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe gààrí: èérún rọ́bà ni, funfun, aláwọ̀ ewé, pẹ̀lú òwú pupa wẹ́wẹ́wẹ́. Ó la èkejì, bákan náà ni. Ó la ẹ̀kẹta. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé omi kaná, ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Bàbá, ṣé ẹja lẹ̀ ń là ni, àbí abẹ́rẹ́ tó sọnù lẹ̀ ń wá?"

Ó kó ìdọ̀tí náà sórí ewé, ó di ọ̀dọ̀ aládùúgbò rẹ̀ kan tó ń ta píọ́ wọ́tà, ẹni tí wọ́n jọ máa ń jà lójoojúmọ́. Ó sọ fún un lójú èèyàn pé ìdọ̀tí rẹ̀ ti dé ẹnu ọmọ-ọmọ òun. Ọkùnrin náà fara balẹ̀. Ó fi ìka tú ohun tó wà lórí ewé.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "tèmi wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Àwọn funfun yìí lè jẹ́ tèmi. Ṣùgbọ́n ta ló ń ra òwú pupa lábúlé yìí?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

Bàbá wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó fi àjẹ̀ wà á lọ síbi òkìtì yanrìn tí ìgbì máa ń kó àwọ̀n àtijọ́ jọ sí. Ó bá tirẹ̀ níbẹ̀, oòrùn ti pa á títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣá. Ó fà á, ó já. Ó tún fà á, ó rún sí i lọ́wọ́ bí ewé gbígbẹ, èérún pupa wá bo ojú omi. Ó ju àwọ̀n tuntun láti fi kó o. Àwọ̀n tí ẹja kì í bọ́ nínú rẹ̀, gbogbo èérún náà gba ojú rẹ̀ kọjá. Àwọn ẹja kéékèèké wá ń sáré bọ̀ bí adìyẹ tó rí àgbàdo. Ó fi àjẹ̀ lu omi láti lé wọn. Wọ́n lọ, wọ́n padà wá. Bó ṣe ń tún un ṣe ló ń pọ̀ sí i, ló bá jókòó, ó ń wò ó.

Nígbà tó délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó bímọ. Ọmọ náà bi í bóyá fífọ̀ lè mú un kúrò. Bàbá ní èyí tí ojú rí á kúrò. Èyí tí ojú ò rí ńkọ́? Ọmọ náà ti gbọ́ nílé ìgbẹ̀bí pé àwọn tó kàwé ti bá irú èérún yìí nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn, wọ́n ti bá a nínú omi ọmú, àti pé ohun tó ń ṣe níbẹ̀, wọn ò tíì mọ̀ ọ́n tán. Ó wo ọmọ tó wà láyà rẹ̀.

"Ẹ lọ fọ̀ ọ́ wá, Bàbá," ó ní. "Kí la tún ń jẹ níbí tí kì í ṣe ẹja?"

Bàbá fọ̀ ọ́ ní omi méje. Wọ́n sè é. Ìyá ọmọ mu, wọ́n kán an sí ọmọ létè, ọmọ lá a, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín pé ọmọ apẹja ni lóòótọ́. Wọ́n ní kí bàbá àgbà pe orúkọ. Ó la ẹnu, ètè ọmọ ló ń wò. Orúkọ kò jáde. Bàbá ọmọ ló bá a pè é níkẹyìn.

Mo rí ọ bí o ti ń mi orí. Bàbá náà ń ṣe ọ́ láàánú, o sì rò pé kò gbọ́n tó ọ. Kò burú. Ìwọ náà kì í ṣe èèyàn burúkú, ohun tí o bá lọ́wọ́ àwọn tó bí ọ lò ń ṣe. Ewé ni wọ́n ń pọ́n oúnjẹ sí, wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á ju ewé nù, ilẹ̀ á jẹ ẹ́. Wọ́n pààrọ̀ ewé sí ọ̀rá lójú rẹ, ọwọ́ rẹ ṣì ń jù ú bí ẹni ju ewé. Òjò gbé e lọ, o ní ó ti lọ.

Má bi mí bí a ó ṣe kó o. Mi ò mọ̀. Ẹni tó gbìyànjú ẹ̀, o ti gbọ́ ibi tó já sí. Ṣùgbọ́n ó fi ohun kan sàn jù ọ́: pupa ni tirẹ̀, ó dá a mọ̀ nígbà tó rí i. Tìrẹ kò ní àwọ̀. O ó jẹ ẹ́, o ó fi bọ́ ọmọ rẹ, o ó sì máa wá aládùúgbò tí wàá bá jà.