Ẹni Tó Ra Ajá Ọdẹ

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn ará Agbèdú tó máa ń pa àlejò lẹ́rìn-ín. Wọ́n a ní, "Ẹni tó ra ajá ọdẹ, ìrìn ló rà." Àlejò á bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ló ń di ìrìn sínú apẹ̀rẹ̀ tà lọ́jà? Bó bá sì jẹ́ ìrìn ni wọ́n rà, ajá wá ńkọ́? Ohun tó bí ọ̀rọ̀ náà nìyí.

Ahunṣọ ni Ọláníregun. Iṣẹ́ ìjókòó ni aṣọ híhun. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi rọ̀, ìdí rẹ̀ kì í kúrò lórí pákó òfì, òwú á sì ta gbọọrọ níwájú rẹ̀ já àárín àgbàlá. Láti ìgbà tí aya rẹ̀ ti kú, tí Morẹ́nikẹ́ ọmọ rẹ̀ sì ti lọ sílé ọkọ lọ́nà jíjìn, ilé rẹ̀ dákẹ́. Nígbà tó gbọ́ pé Ọdẹ́lànà, ọdẹ tí orúnkún ti dá dúró sílé, fẹ́ ta ajá rẹ̀, ó dìde lọ bá a.

Igbóòjìnnà ni ajá náà ń jẹ́. Ẹtu tó bá ti kó sí i lójú, ti ọbẹ̀ ni.

"Ta ni yóò máa bá a rìn?" Ọdẹ́lànà bi í.

"Kí ló fẹ́ rìn lọ ṣe? Oúnjẹ ń bẹ nílé mi. Iṣẹ́ tó ti ṣe tó, ẹ jẹ́ kó wá sinmi."

Ọdẹ́lànà wò ó títí, ó sì fi okùn lé e lọ́wọ́.

Àwọn ará Agbèdú mọ àgbò sìn: wọ́n á so ó mọ́lẹ̀, wọ́n á máa fi èèpo iṣu bọ́ ọ títí ọrùn rẹ̀ á fi ki. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ọláníregun ṣe ajá ọdẹ. Ó so ó mọ́ igi ọsàn, ó fún un ní ẹran, ó fún un ní ẹ̀kọ. Bó ti ń jẹ ni wàhálà rẹ̀ ń pọ̀. Ó gbẹ́ ìdí igi títí gbòǹgbò fi yọ síta. Ó já okùn, ó sáré la àárín òwú kọjá, gbogbo rẹ̀ sì lọ́ pọ̀ bí irun wèrè. Ọláníregun rò pé ebi ni, ó tún bu oúnjẹ kún oúnjẹ rẹ̀. Kò pẹ́, ó kan adìẹ Àsàbí, aládùúgbò rẹ̀.

Àsàbí gbé òkú adìẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá Morẹ́nikẹ́, mo kí yín o. Igbóòjìnnà lẹ pè é, àbí? Òótọ́ ni, igbó ò jìnnà. Àgbàlá mi ni igbó!"

"Má bínú, Àsàbí. Eré ló ń ṣe."

"Eré kẹ̀! Ẹ sọ fún adìẹ mi kó dìde kó rẹ́rìn-ín."

Baálé ránṣẹ́ pè é. Kò pariwo. "Ọláníregun, bí ajá rẹ bá tún pa ẹran ọ̀sìn ẹnikẹ́ni, a ó fà á fún àwọn alágbẹ̀dẹ. Ọdún Ògún ti sún mọ́lé."

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí Ògún ń jẹ. Ọláníregun dọ̀bálẹ̀. Ajá yẹn nìkan ló ń dìde bí òun bá wọlé.

Ó fà á padà lọ bá Ọdẹ́lànà. "Ẹ gba ajá yín. Wèrè ni."

"Kì í ṣe wèrè. Láàárọ̀ yìí, níbo lẹ jọ lọ?"

"Mo ń hun aṣọ."

"Àná ńkọ́?"

"Mo ń hun aṣọ."

"Ìwọ ń hun aṣọ. Òun ńkọ́, kí ló ń hun?"

Ọláníregun bojú wo ajá náà.

"Agbára tí kò bá rí igbó lò ó sí, àgbàlá ni yóò lò ó sí," Ọdẹ́lànà wí. "Bí o ò bá lè rìn, fà á fún wọn lónìí. Bí o bá sì lè rìn, má rìn lónìí kí o jókòó lọ́la. Ti òjò ò sí níbẹ̀, ti ẹ̀yìn dídùn ò sí níbẹ̀."

Ọláníregun fa ajá rẹ̀ padà sílé. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, wọ́n ti dé etí odò. Bí oòrùn bá rọ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ti ọpọ́n ayò, òun á tún fa okùn, á gba ọ̀nà oko lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Aṣọ tó ń hun dín kù. Òjò pa á.

"Ọdẹ tuntun, ẹran wo lẹ pa bọ̀?" àwọn ahunṣọ á bi í.

"Orúnkún mi ni mo pa."

Nígbà tí ọdún Ògún kù fẹ́ẹ́rẹ́, alágbẹ̀dẹ kan wá sí àgbàlá, ó ń wo Igbóòjìnnà bí ẹni ń wo ẹran lọ́jà. Ọláníregun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti odò dé, ó ti jókòó ti òfì, kò sì tíì so ajá. Adìẹ tuntun tí Àsàbí rà kó àwọn ọmọ rẹ̀ gba abẹ́ òwú, ó kọrí sí ibi tí ajá dùbúlẹ̀ sí. Àsàbí rí i láti ẹnu ọ̀nà, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ọwọ́ Ọláníregun dúró lórí òfì.

Ajá la ojú kan. Òròmọdìẹ kan gun ẹsẹ̀ rẹ̀. Ajá mí kanlẹ̀, ó sì pa ojú náà dé.

Alágbẹ̀dẹ bú sẹ́rìn-ín. "Èyí ti kú tẹ́lẹ̀! Kí la tún fẹ́ pa níbẹ̀?" Ó gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

"Bàbá Morẹ́nikẹ́," Àsàbí ní, "kí lẹ fún un mu?"

Ọláníregun tún na ọwọ́ sí òfì rẹ̀. "N kò fún un ní nǹkan kan. Ajá ni mo rò pé mo rà lọ́wọ́ Ọdẹ́lànà. Àṣé ìrìn ni."

Àsàbí ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọjà. Títí di òní, bí ẹnì kan ní Agbèdú bá na ọwọ́ sí ohun ńlá láìro ohun tí ìtọ́jú rẹ̀ yóò gbà, wọn kì í ní kó má mú un. Wọ́n á wo ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ní: ẹni tó ra ajá ọdẹ, ìrìn ló rà.