Kókó Mẹ́ta Tí A Ta Mọ́ Òjò Lẹ́sẹ̀

Títú kókó ni iṣẹ́ tí mo jókòó tì láàárọ̀ ọjọ́ tí ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀. Okùn kan wà lórí itan mi, kò gùn ju apá ọmọdé lọ, kókó mẹ́ta sì wà lára rẹ̀. Mo fi èékánná tú u, kò tú. Mo fi abẹ́rẹ́ tí mo fi ń rán àpò ọdẹ gún un lójú, abẹ́rẹ́ kán. Mo fi epo pa á, mo fi omi rẹ ẹ́, mo fi eyín fà á bí ajá tí ń fa awọ. Eyín mi ló fẹ́ yọ, kókó kò mira.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ mi kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Ọdẹ́yínká ni orúkọ mi, ọmọ Abẹ́-Ọ̀mọ̀ ni mí. Ọdẹ ni bàbá mi, ìyá mi ń mọ ìkòkò. Ọ̀kan kọ́ mi ní sùúrù igbó, èkejì kọ́ mi ní sùúrù amọ̀. Ìyókù ohun tí mo mọ̀, ojú ara mi ni mo fi kọ́ ọ. Bí mo bá rí pàkúté tí ẹlòmíràn dẹ, n ó tú u palẹ̀, n ó sì tún un tò, títí n ó fi mọ ìdí tí ó fi ń ré. Kò sí kókó kan ní gbogbo agbègbè wa tí n kò tíì tú rí. Nítorí náà, nígbà tí okùn kékeré yìí borí mi, àyà mi já, nítorí òjò ìlú wa ni ó wà nínú kókó náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti dé ibẹ̀. Ní Abẹ́-Ọ̀mọ̀, ẹni tó bá ní ohun tí kò fẹ́ kí òjò bà jẹ́ á tọ Bàbá Adójòdúró lọ. Bàbá á ta kókó kan sí okùn, òjò á dúró. Bí ohun náà bá parí, olóhun á padà lọ, bàbá á tú kókó, òjò á rọ̀. Lọ́dún náà, àwa ọ̀rẹ́ mẹ́ta lọ bá a ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Abíọ́nà, ẹni tó sanra bí ìkòkò aró, tí òtútù sì ń bà lẹ́rù ju ẹkùn lọ, fẹ́ fi koríko tuntun bo ilé rẹ̀. Láwúyì aránṣọ, afínjú tí ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí ń tẹ ẹyin, fẹ́ wọ agbádá tuntun níbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Èmi fẹ́ sá awọ ẹfọ̀n kan gbẹ. Bàbá ta kókó mẹ́ta sára okùn kan ṣoṣo, ó sì kìlọ̀ fún wa pé: “Ẹni tó ní kí n so ó, kí ó padà wá ní kí n tú u o.”

Abíọ́nà bo ilé tán, ó rò pé Láwúyì yóò lọ. Láwúyì jó tán, ó rò pé èmi ni n ó lọ. Èmi rí i pé òòrùn ń ṣe awọ mi dáadáa, mo ní ó di ọ̀la. Kí ọ̀la náà tó mọ́, bàbá arúgbó ti kú sójú oorun, kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni ní bí a ti ń tú u. Okùn náà nìkan ni a bá lọ́wọ́ rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin kọjá, ẹ̀kán òjò kan kò kàn wá. Odò wa gbẹ títí àwọn òkúta inú rẹ̀ fi dà bí eyín òkú ẹran. Iṣu tí a gbìn jinná sínú ebè. Baálẹ̀ ránṣẹ́ pè wá, ó sì ní: “Mo ti rán ènìyàn lọ wo ilẹ̀ mìíràn. Bí oṣù tuntun bá lé tí òjò kò rọ̀, a ó fi ìlú yìí sílẹ̀ fún ìkán. Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ so ó, ẹ̀yin mẹ́ta ni kí ẹ lọ wá bí ẹ ó ti tú u.” Oṣù tuntun ku ọjọ́ márùn-ún péré.

Nígbà tí okùn náà kò tú láàárọ̀ yẹn, mo dìde. Mo ní ohun tí ọwọ́ kò bá lè tú, ẹsẹ̀ ni yóò lọ bèèrè ìdí rẹ̀. Mo fi okùn náà sínú àpò, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo ní Igbó Ọ̀wààrà, níbi tí òjò ń gbé, ni mo ń lọ, bí mo bá sì kú sọ́nà, kí wọ́n bá òkú mi pẹ̀lú ojú tí ó kọ sí iwájú. Abíọ́nà kó aṣọ òtútù mẹ́rin. Láwúyì dé fìlà tó dára jù.

“Láwúyì, iwin lo fẹ́ lọ fẹ́ ni?” Abíọ́nà bi í.

“Bí iwin bá máa pa mí jẹ,” Láwúyì dáhùn, “kí ó mọ̀ pé ọmọ ẹni iyì ni òun ń jẹ. Ìwọ ni kí o ṣọ́ra. Ọ̀rá pọ̀ lára rẹ.”

A rìn ọjọ́ méjì gbáko. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, a dé etí igbó kan tí òjò ń rọ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni pé a da gbogbo odò ayé sókè, síbẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ibi tí a dúró, erùpẹ̀ gbẹ táútáú. Òjò oṣù mẹ́rin tó yẹ kó rọ̀ fún wa ló kó jọ síbẹ̀. Ẹ̀dá ẹlẹ́sẹ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, orí rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ bí olú-ọrán, ó sì fi ẹsẹ̀ kan náà dí gbogbo ọ̀nà.

“Ẹ kò ní wọlé,” ó wí, “àfi kí ẹ dá mi lóhùn. Àlejò wo ló máa ń kan gbogbo ilé lọ́jọ́ kan náà, tí gbogbo onílé á sáré tìlẹ̀kùn mọ́ ọn, síbẹ̀ tí wọ́n á máa sunkún bí kò bá wá?”

“Agbowó-orí!” ni Abíọ́nà pariwo.

“Ìwọ yìí, ta ló sunkún rí nítorí agbowó-orí?” Láwúyì kígbe mọ́ ọn.

Mo wo omi tí ń ṣàn wálẹ̀ láti etí orí rẹ̀ tó tẹ́ rẹrẹ. Mo ní: “Òjò ni.”

Ó mi orí títí omi fi ta sí wa lára. “O mọ̀ ọ́n, o sì ń tìlẹ̀kùn. Ọgbọ́n tó wà lórí tí kò dé ẹsẹ̀, ẹrù lásán ni. Ẹ wọlé.” Ó sì fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àárín igbó náà ni a ti rí Àrọ̀ọ̀rọ̀dá, ìyá òjò. Ó ga bí igi ìrókò; irun rẹ̀ jẹ́ omi tí ń ṣàn láti àtàrí dé gìgísẹ̀; ojú rẹ̀ ṣú bí ìkùukùu ọ̀sán; bí ó bá la ẹnu, mànàmáná á kọ láàárín eyín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń tiro. Nígbà tí mo wo ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, mo rí okùn kan níbẹ̀ pẹ̀lú kókó mẹ́ta, ó jọ ti inú àpò mi bí ìbejì ti ń jọ ìbejì.

A dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀. Mo ní: “Ìyá wa, ẹ forí jì wá. Àwọn àgbà ní òjò kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Ìbẹ̀rù ló mú wa so yín.”

“Ta ló ní n kì í bá ènìyàn ṣọ̀rẹ́?” Ohùn rẹ̀ kù bí àrá. “Ta nínú yín ló fún mi ní àga rí? Bí mo bá fi ìka ẹsẹ̀ kan àgbàlá, ẹ ti ká aṣọ, ẹ ti kó èlùbọ́, ẹ ti gbé ọmọ wọlé. Àgbàdo yín á máa jó fún ayọ̀, ẹ̀yin á máa yọjú wò mí lójú fèrèsé bí ẹni tó jẹ gbèsè. Ẹ fẹ́ ẹ̀bùn mi, ẹ kò fẹ́ ojú mi!”

A tún fi iwájú orí kan ẹrọ̀fọ̀, nítorí òtítọ́ kì í ní àtúnṣe.

Ó wá rọ ohùn rẹ̀. “Ìkórìíra mi tó wà nínú yín ni bàbá arúgbó fi ta kókó wọ̀nyí, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá mi ṣeré lónìí. Ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn sí mi tọkàntọkàn, kókó tirẹ̀ á tú fúnra rẹ̀. N kò fẹ́ ẹ̀rín orí ahọ́n. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ẹyọ kan ṣẹ́ kù, n ó kó ẹrù mi lọ sí ilẹ̀ mìíràn, ẹ kò ní fojú rí mi mọ́.”

Báyìí ni àwa àgbàlagbà mẹ́ta dúró nínú òjò, a ń wojú ara wa. Abíọ́nà ní: “Ẹ jẹ́ ká rẹ́rìn-ín ká lọ sílé. Ha-ha-ha.” Mo wo okùn. Kókó kò mira. Eyín Abíọ́nà ń gbá ara wọn bí ẹni tí ń fọ́ ẹ̀kùrọ́. Ó ní òun ń lọ sábẹ́ igi kan lórí òkè. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ kẹta lórí òkè náà tí ẹrọ̀fọ̀ fi gbé e. Ó fi ìdí yọ̀ láti òkè náà, ó ń ké “Yéè! Yéè!” títí ó fi kó sínú adágún omi kan, gbàmù! A sáré lọ, a rò pé ó ti kú. Ó yọ orí jáde, ó fẹ omi lẹ́nu. Ó ní: “Ọdẹ́yínká, omi yìí lọ́wọ́ọ́wọ́ ju ẹní mi lọ!” Ó jáde, ó sì tún gun òkè náà. Nígbà tó yọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti ya èèpo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó ń jókòó lé, ó ń rẹ́rìn-ín láti inú ikùn ńlá náà. Mo mú okùn jáde. Kókó kìíní ti tú.

Láwúyì wà lábẹ́ ewé kókò ńlá kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà mú. “Èmi kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀,” ó wí. Abíọ́nà kò dá a lóhùn. Ó já fìlà náà gbà, ó sọ ọ́ sínú omi tó ń sáré. Láwúyì ké bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ bọ́ sódò, ó sì lé e. Abíọ́nà ju ewé kan tẹ̀lé e, ó ní: “Ẹ wò ó, ewé mi á ṣáájú fìlà yẹn dé adágún!”

“Irọ́ ni!” Láwúyì ti gbàgbé ọ̀fọ̀. “Òwú tí mo fi rán fìlà yẹn kì í mu omi! Fìlà, sáré! Yà sí ọ̀tún, fìlà mi!” Ó ń sáré létí omi, ẹrọ̀fọ̀ ta dé irùngbọ̀n rẹ̀. Nígbà tí fìlà ṣáájú ewé dé adágún, Láwúyì fò sókè bí ẹni tó joyè. “Èmi ni mo rán an! Kò sí aránṣọ bíi tèmi!” Kókó kejì tú.

Ó wá ku tèmi. Ẹ̀yin ará, ìpinnu kò ṣàìsí nínú mi. Mo ní bí eré bá jẹ́ iṣẹ́, n ó ṣe é dójú àmì. Mo kọ́kọ́ fi imọ̀ ọ̀pẹ ta àtíbàbà kan, kí ọwọ́ mi má baà tutù níbi iṣẹ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo ti gé ọ̀pá kan, mo lu ihò mẹ́jọ yí i ká, mo ki abala oparun mẹ́jọ bọ̀ ọ́, mo gbé e lé igi ẹlẹ́ka méjì tí mo rì mọ́lẹ̀, mo sì la ojú ọ̀nà fún omi kí ó máa gbá abala náà láti òkè. Omi dé, ó ti ìkíní, ìkíní fa ìkejì wá, gbogbo rẹ̀ sì di àyíká omi tí ń yí birí, birí, birí. Inú mi dùn. Mo wo okùn. Kókó wà níbẹ̀, ó le koko bí ojú ìkà.

Mo sún igi ẹlẹ́ka náà. Mo fi kún omi. Àyíká ń sáré bí òkòtó. Kókó kò tú. Ilẹ̀ ń dúdú bọ̀.

Àrọ̀ọ̀rọ̀dá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà. “Ọdẹ, o kọ́ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣeré. Ìwọ ńkọ́? Láti àárọ̀, omi mi lo bá ṣọ̀rẹ́, èmi lo fi òrùlé dí.” Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìkùukùu rẹ̀ jọ bí ẹni tí ń di ẹrù.

Ìgbà yẹn gan-an ni mo gbọ́: “Ọdẹ́yínká, yà! Kò ṣe é dá dúró!” Abíọ́nà àti Láwúyì ń bọ̀ láti òkè lórí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n gbá àtíbàbà mi, ó wó. Wọ́n gbá àyíká mi, ó fọ́ yángá. Mo gbé ọwọ́ sókè láti gbá Láwúyì létí. Ṣùgbọ́n ẹrọ̀fọ̀ ti hu irùngbọ̀n kejì fún afínjú wa, abala oparun mi kan sì dúró lórí Abíọ́nà bí ìwo ẹtu. Ẹ̀rín gbé mi. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sínú omi. Nígbà tí mo lè mí, mo bi wọ́n pé: “Báwo lẹ ṣe ń yí i sí ẹ̀gbẹ́?”

“Ẹsẹ̀ ni!” Abíọ́nà wí. “Bọ́ sáàárín, arákùnrin, ká fi hàn ọ́.”

Mo jókòó sáàárín wọn. Òjò gbá mi lójú, ó wọ mi lẹ́nu, ó dùn. A yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, èmi ni mo wà níwájú, èmi ni mo ń fi ẹsẹ̀ yí i. Mo ti gbàgbé okùn pátápátá. Àrọ̀ọ̀rọ̀dá ló pè mí. Kò tiro mọ́. Ó ń jó. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, okùn náà sì nà gbọọrọ lọ́wọ́ mi bí ejò tó sùn.

A gbéra, òjò sì ń bá wa rìn bọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún ni a dé ẹnu odi, òjò sì dé pẹ̀lú wa, wọwọ. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, àwọn ènìyàn ké pé òjò dé, wọ́n sì ń sáré tìlẹ̀kùn. Mo kígbe pé: “Ẹ ṣí i! Bí ẹ bá tì í mọ́ ọn, yóò lọ!” Àwa mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gbé bọ̀ yọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn ilé Baálẹ̀. Ojú ti ìlú fún wa. Nígbà tó yá, Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ jáde, ó bọ́ fìlà, ó sì na ojú sí òjò. Ó ní: “Àlejò wa, ẹ káàbọ̀.” Ó wá yíjú sí Abíọ́nà: “Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn dà?” Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí ilé kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, ẹni tó bá fẹ́ èso kí ó má kórìíra ọ̀nà tí èso gbà wá. Bí ẹ bá so ohun kan, ẹ má fi títú rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́, ẹ má sì fi í di ọ̀la. Bí ọ̀rẹ́ bá sì fọ́ iṣẹ́ ọwọ́ yín nínú eré, ẹ wojú rẹ̀ kí ẹ tó gbá a létí.

Iṣu tí a tún gbìn lọ́dún náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni kan kò fi lè dá ẹyọ kan gbé lórí. A kò fi Abẹ́-Ọ̀mọ̀ sílẹ̀ fún ìkán. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn ilé Baálẹ̀ ń jẹ́ Ìyọ̀ Ọ̀rẹ́ Mẹ́ta títí di òní, àyíká omi tuntun tí mo kọ́ sì ń yí nísàlẹ̀ rẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀. Okùn bàbá arúgbó ni mo fi di ọ̀pá àárín rẹ̀ mú. Mo lọ́ ọ nìkan ni. N kò ta kókó sí i.