Òòrẹ̀ Jókòó Sẹ́nu Ọ̀nà Màmá Pẹ́pẹ́yẹ

Ààlọ́ o!

"Ààlọ̀!"

Ohùn yín ò jọ ti ẹni tó jẹun yó. Ààlọ́ o!

"Ààlọ̀ o!"

Ó dáa. Àlọ́ mi rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀, kò já sódò, kò já sí kòtò, orí ìtẹ́ Màmá Pẹ́pẹ́yẹ ló lọ bà sí. Wúrà, dá àpótí tí mo gbé ẹsẹ̀ lé padà.

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní kí á máa ran àgbà lọ́wọ́, Bàbá. Mo ní kí n bá yín gbé e wọlé ni."

Mo gbọ́. Dá a padà.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko ṣì ń jọ́sìn nínú sọ́ọ̀ṣì kan náà, Tíṣà Ládàpọ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ọmọlúàbí ni Tíṣà. Ó ní ìwé ńlá kan, ó ní bírò pupa kan, kò sì sí iṣẹ́ rere tí kò lè kọ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà bi wọ́n pé, "Kí ni Bíbélì ní kí á ṣe sí ọmọnìkejì wa?"

"Kí á fẹ́ràn rẹ̀, sà!"

"Ìfẹ́ tí kò bá sí nínú ìwé mi, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ tọ́jú aláìní. Bí ẹ bá ṣe é tán, ẹ wá ròyìn, kí n fún yín ní máàkì. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù ni yóò gba ẹ̀bùn lọ́jọ́ Ìkórè: abọ́ ìrẹsì kan, pẹ̀lú ẹran lórí."

"Bàbá, ẹran ta ni?"

Ṣíjú, àwọn ọmọ ìgbà yẹn gbọ́n jù ọ́ lọ. Wọn ò bèèrè.

Wàhálà kan ṣoṣo ló wà: ara gbogbo ará ìlú le koko. Màmá Pẹ́pẹ́yẹ, opó, nìkan ló kù. Ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn tí kò ti wá sí sọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ó jókòó sójú kan, kò lè dìde.

Kò lè dìde lóòótọ́. Ó ń sàba ni. Ẹyin mẹ́fà ló wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn tó máa yé kẹ́yìn láyé rẹ̀, nítorí ogbó ti dé. Bí ìwọ̀nyí bá dòbu, ó parí nìyẹn. Kò ní sí ọmọ tí yóò pè é ní ìyá.

Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ Ewúrẹ́ mú ìgbálẹ̀ dé.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ dìde, kí n bá yín gbálẹ̀."

"Ọmọ mi, mo ń sàba."

"Kò ní pẹ́, Màmá."

Ó gbé Màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó gbá koríko ìtẹ́ jọ. Nígbà tó gbá a jọ tán, ó jẹ ẹ́. Ó lọ gba máàkì mẹ́rin: méjì fún gbígbálẹ̀, méjì fún kíkó ìdọ̀tí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ Ajá gbé Màmá lọ sódò láti lọ wẹ̀ fún un. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó gbé pẹ́pẹ́yẹ lọ sódò, ó sì dì í mú kí ó má baà rì.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Máàkì mẹ́ta ni Tíṣà fún un.

Lọ́jọ́rú, ọmọ Ọ̀bọ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ àwọn ẹyin, ó ní ooru ń mú wọn. Lọ́jọ́bọ̀, Adétọ́lá, ọmọ alága ìjọ, kó ọmọ méje dé. Wọ́n gbé ọwọ́ lé Màmá lórí, wọ́n ní, "Dìde, kí o sì máa rìn!" Nígbà tí kò dìde, wọ́n fà á dìde.

Màmá fi orin bẹ̀ wọ́n. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ jẹ́ n jókòó o,
"Jẹ́jẹ́!"
Ẹyin mi ń tutù o,
"Jẹ́jẹ́!"
Ẹni tó fẹ́ràn mi,
"Jẹ́jẹ́!"
Kó dúró síta o,
"Jẹ́jẹ́!"

Wọ́n gbọ́ orin náà. Wọ́n ní ohùn Màmá dùn. Wọ́n ń gbè é, wọ́n sì ń fà á lọ.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Màmá fi àyà kan ẹyin kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́. Ìkẹfà tutù bí òkúta inú odò.

Lọ́jọ́ Ẹtì ni ọmọ Òòrẹ̀ dé. Ẹ mọ Òòrẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ kìkì ẹ̀gún. Ní sọ́ọ̀ṣì, òun nìkan ló ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì tirẹ̀. Ìfẹ́ ọmọnìkejì kì í dé ọ̀hún.

Ó dúró síta. "Ẹ kú ìjókòó, Màmá. Bí mo bá gbé yín, màá gún yín. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe fún yín?"

Màmá na ọrùn wò ó. Láti ọjọ́ Ajé, kò sẹ́ni tó bi í.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n jókòó?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Màmá."

"Jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi. Kọjú sí mi, kọ ẹ̀yìn síta."

Ó jókòó. Kò pẹ́, ọmọ Ewúrẹ́ tún dé.

"Yà lọ́nà. Iṣẹ́ àánú ni mo bá wá."

"Màmá ní àwọn ò fẹ́."

"Ta ló bi wọ́n?"

Ó fi orí kan ẹ̀yìn Òòrẹ̀. "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Ọmọ Ajá náà gbìyànjú; imú ló fi ṣe tirẹ̀. Àwọn méjèèjì sáré lọ fẹjọ́ sùn.

Tíṣà gbé ìwé rẹ̀ dé. "Ìwọ ọmọ yìí, o ń dí àánú lọ́nà!"

"Tíṣà, ẹyin wà lábẹ́ wọn. Ó ń tutù."

"Mi ò bi ọ́ nípa ẹyin. Kí ni ìwọ ti ṣe fún Màmá?"

"Mo jókòó, sà."

Tíṣà yẹ ìwé wò. Gbálẹ̀ wà níbẹ̀, pọnmi wà níbẹ̀, gbàdúrà wà níbẹ̀. Jókòó ò sí. Ó kọ òdo fún un. Ó fẹ́ wọlé, ó wo ẹ̀gún yẹn, ó wo ṣòkòtò ara rẹ̀, ó yí padà sílé.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Láràárọ̀ ni ọmọ Òòrẹ̀ ń wá jókòó.

Ọjọ́ Ìkórè pé. Ọmọ Ewúrẹ́ gba abọ́ ìrẹsì. Ó wo ẹran orí rẹ̀, ó yára gbójú sókè, ó ń wá ìyá rẹ̀ láàárín ìjọ. Ó rí i. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Màmá Pẹ́pẹ́yẹ wọlé, ọmọ márùn-ún tò sẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ wo agbára ìtọ́jú wa!" Tíṣà ké. "Màmá ti dìde!"

Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Màmá ò wo àga iwájú tí wọ́n nù fún un. Ó rìn lọ tààrà síbi bẹ́ǹṣì Òòrẹ̀, ó jókòó tì í. Àwọn ọmọ rẹ̀ rá sáàárín ẹ̀gún náà bí ẹni wọ inú koríko.

"Tíṣà," Màmá ní, "ẹyin mẹ́fà ni mo ní kí ìwé yín tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ọmọ yìí nìkan ló bi mí ní ohun tí mo fẹ́. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀."

Omi bọ́ lójú Tíṣà, òótọ́ ni mo ń sọ. Ó pa òdo yẹn rẹ́. Ó sì ṣe òfin tuntun lójú ẹsẹ̀: gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè. Máàkì márùn-ún.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́, ogún ọmọ ti tò sẹ́nu ọ̀nà Màmá Pẹ́pẹ́yẹ.

"Màmá, kí lẹ fẹ́?" "Màmá, kí lẹ fẹ́?" "Màmá, kí lẹ fẹ́?"

Màmá yọ orí lójú fèrèsé.

"Ẹ bá mi pe Òòrẹ̀."

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò le: ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ẹnìkejì, kó bi í ní ohun tó fẹ́, kó sì dúró gbọ́ èsì. Ibẹ̀ ni mo sọ àlọ́ mi kalẹ̀ sí. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí àkùkọ ilé wa má kọ lọ́la. Bó bá kọ, ẹ gbà mí gbọ́.

"Bàbá, kí lẹ wá fẹ́ kí á ṣe fún yín?"

O ṣeun, Wúrà. Ẹ lọ sùn.