Ìwé Tí Ìgbín Kọ Sí Òjò

Àlọ́ o!
Àlọ̀!
Àlọ́ mi gbéra, ó fò kọjá igi, ó fò kọjá òkè, ẹ̀yìn Ìgbín ló bà lé.

Lọ́dún kan, Òjò bínú, kò rọ̀ mọ́, odò sì gbẹ. Àwọsánmà kan ṣoṣo ló ń rìn jẹ́jẹ́ lójú ọ̀run bí ẹni tó ń lálàá. Lékeléke, olùkọ́ àwọn ọmọ ẹranko, ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kọ̀wé bẹ Òjò. Màá gbé e fò lọ bá a."

Ayékòótọ́ kọ "Rọ̀! Rọ̀! Rọ̀!" títí ewé tó ń kọ̀wé sí fi kún. Òjò ò dáhùn. Ewúrẹ́ kọ ọ́ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Òjò ní, "Ìwọ tó máa ń sá wọ abẹ́ òrùlé bí mo bá dé? Gbogbo yín lẹ ń sá fún mi."

Ẹ jí ọmọ tó ń tòògbé yẹn o! Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ìgbín lára. Àṣé ohun tó ń dun Òjò nìyẹn! Ó fi omi ara rẹ̀ tó ń dán kọ̀wé sórí ewé kókò, ó sì ń kọrin:

Òjò, òótọ́ lo sọ o,
Jòlòjòlò!
Wọ́n ń sá fún ọ o,
Jòlòjòlò!
Bó o bá dé, èmi á jáde,
Jòlòjòlò!

Òjò kà á tán. Ó ju ẹ̀kán omi kan ṣoṣo sí Ìgbín lẹ́yìn, pọ́! Ẹ̀rù ba Ìgbín, ó fẹ́ wọnú ìkarahun rẹ̀. Ó rántí ìwé rẹ̀. Ó bá yọ orí, ó yọ ìwo. Òjò bú sẹ́rìn-ín, ó sì rọ̀ títí odò fi kún.

Ẹ̀yin ọmọ, bí òjò bá rọ̀ lọ́la, ẹ yọjú wo ẹ̀yìnkùlé. Ìgbín ṣì ń mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ.